Ojú Dúdú Rẹ̀ Ni Mo Rà, Ènì Ni Mẹ́rin Yòókù

Imú mi ni reflector yìí, ohun tí àwa ayàfọ́tò fi ń darí ìmọ́lẹ̀, kọ́kọ́ kí. Irin pẹlẹbẹ tó ń ta bíi sípíríǹgì ló yí etí rẹ̀ ká, wọ́n sì ti ká a ní ìká mẹ́ta sínú àpò tí kò fẹ̀ ju ìdérí ìkòkò lọ. Èmi kàn fa zip kí n lè yọjú wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí n tó mọ̀, fàù! Ó là sílẹ̀, ó gbá mi nímú, ó sì da omi orí tábìlì nù. Ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ọ̀gá, ó ń kí yín kú àbọ̀ ni." Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, èmi àti ohun roboto yìí, mo sì ti mọ ìwà rẹ̀ tó ẹni tó lè rojọ́ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí: ó rí roboto bí atẹ, tèmi sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 110 láti etí dé etí. Ojú márùn-ún ló ní. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ni wọ́n na mọ́ irin náà, òun ni àárín rẹ̀. Èwù kan wà tí a ń wọ̀ fún un, tó ní zip létí. Bí a bá wọ̀ ọ́ fún un bó ṣe wà, dúdú wà lójú kan, funfun wà lójú kejì. Bí a bá yí inú èwù náà síta, góòlù àti fàdákà ló kù tí a ó rí. Kò ní bátìrì, kò ní wáyà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bá níbẹ̀ ló ń ta padà, tàbí kó sẹ́ ẹ, tàbí kó gbé e mì.

Ohun tó mú mi rà á ni pé iṣẹ́ mi ti ń sú mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ya ojú ènìyàn. Kò sẹ́ni tó ń bínú, wọ́n ń sanwó, wọ́n ń padà wá. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan mo kó fọ́tò ogójì ènìyàn tí mo yà láàárín ọdún kan sójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, àyà mi sì já. Ojú kan náà ni mo ń yà. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn náà jọra o. Ohun tí mò ń ṣe sí wọn lójú ló jọra. Fláàṣì orí kámẹ́rà, gbàgà níwájú, òjìji tín-ín-rín lẹ́yìn etí, ojú tó mọ́ kedere láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Bàbá arúgbó ni o, ìyàwó ojú ọ̀nà ni o, olórin ni o, gbogbo wọn dà bí ẹni tó tò sórí ìlà fún ìwé ìrìnnà.

Lẹ́ǹsì tuntun ni mo rò pé ó kù. Lẹ́ǹsì mìlímítà 50 ni mò ń lò, ọkàn mi sì ń fà sí ti 85, tó ń fa ojú súnmọ́ jù ú lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ wo gbogbo ogójì náà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Lẹ́ǹsì kọ́. O ò ní òjìji ni." Mo ní òjìji kẹ̀? Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ tí mo ti di kámẹ́rà mú? Ó ní, "Ìyẹn náà ni mò ń sọ."

Síbẹ̀, ìgbà tí ọjà dé, góòlù ni mo sáré sí. Òun ni wọ́n fi ń polówó ọjà náà: omidan kan wà lára páálí rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, tí ara rẹ̀ ń kọ mànà. Mo dán an wò lára ènìyàn mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ dà bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ẹnì kejì, àgbọ̀n rẹ̀ pọ́n, iwájú orí rẹ̀ kò pọ́n, bíi pé wọ́n gbé orí ẹlòmíràn lé e lọ́rùn. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà pé n ó tún un ṣe. Bí mo bá ti ń yọ pípọ́n náà kúrò ní àgbọ̀n, ni iwájú orí ń di búlúù. Kò sì lè ṣàìrí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ní àwọ̀ tirẹ̀, góòlù tún gbé tirẹ̀ dé, kámẹ́rà kò sì lè fi òṣùwọ̀n kan wọn méjèèjì. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wúlò fún mi: oòrùn ti ń wọ̀, gbogbo ayé ti pọ́n tẹ́lẹ̀, mo wá gbé e sẹ́yìn ẹni kẹta náà kí ó ta sí i nírun, kì í ṣe lójú. Etí irun rẹ̀ tàn bí ẹyin iná. Ó dára, mi ò purọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò tún fọwọ́ kàn án.

Fàdákà ńkọ́? Fàdákà lágbára, àgbára rẹ̀ gan-an sì ni wàhálà rẹ̀. Bí oòrùn bá bà á tààrà, jígí ni. Ẹni tí ò ń yà á fún ojú pọ̀, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, ìwọ náà á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó rẹ́rìn-ín. Mo máa ń lò ó tẹ́lẹ̀ tí ojú ọjọ́ bá ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ kò tó nǹkan, tí mo sì lè gbé e jìnnà.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó rà á, ẹni tó bá sì ń ya ènìyàn aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Awọ tó dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà láti inú wá bíi ti awọ tó pupa. Dídán tó wà lójú awọ ló ń sọ fún fọ́tò pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ síbí, imú ga tó báyìí, egungun wà lábẹ́ ibí yìí. Ẹ wo mọ́tò dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀: ohun tó bá dojú kọ ọ́ ni à ń rí lára rẹ̀. Ojú ènìyàn náà nìyẹn. Bí ohun tó dojú kọ ọ́ bá kéré tó sì tàn kọjá ààlà, ojú á kún fún àmì funfun wíńníwínní bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Bí ó bá tóbi tó sì rọ̀, dídán náà á tẹ́ gbọọrọ, á ti ẹ̀bá ojú rọra ṣàn dé àgbọ̀n.

Ara ọkùnrin kan tó fá orí rẹ̀ kodoro ni mo ti rí i kedere. Pẹ̀lú fàdákà, àtùpà méjì ló wà lórí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tó dúró tì wá sì bú sẹ́rìn-ín. Mo yí ojú funfun sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ju ìwọ̀n apá kan sí ojú rẹ̀ lọ. Àtùpà méjèèjì kú. Ẹ̀bá orí rẹ̀ wá ní ìlà funfun kan tó rọ̀ bí etí oṣù, bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí títí dé ọrùn. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́; ó ní kí n fi ìyẹn ránṣẹ́ sí òun.

Funfun ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ báyìí. Ẹni tó bá ń lò ó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e sórí itan oníbàárà kí ó máa ta ìmọ́lẹ̀ sí i lágbọ̀n láti ìsàlẹ̀. Gbogbo fídíò tí mo wò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti lágbára díẹ̀ jù, ojú á rí bíi ti ẹni tó gbé tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àgbọ̀n tó ń pìtàn iwin. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gbé e sí, kí ó ga tó èjìká, kí ó dà gbẹ̀ẹ́ sọ́dọ̀ ẹni náà díẹ̀. Kí ẹ sì wo ẹyinjú. Bí ìràwọ̀ roboto kékeré kan bá ti yọ níbẹ̀, ibi tó yẹ kí ó wà ló wà yẹn. Bí kò bá yọ, ẹ máa gbé e kiri títí yóò fi yọ.

Mo wá dé orí ojú dúdú. Àwọn tó ń ta ọjà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Àwọ̀ tí kò dá ìmọ́lẹ̀ kankan padà, kí ni ènìyàn fẹ́ fi polówó nínú rẹ̀?

Màmá ẹni ọdún 81 kan ni àwọn ọmọ wọn pè mí sí. Yàrá tó mọ́, ògiri funfun yíká, fèrèsé kan ṣoṣo lápá òsì wọn. Mo ti pa fláàṣì tì. Mo ní fèrèsé kan, òjìji á wà. Mo ya mẹ́ta, ojú màmá sì tẹ́ pẹrẹsẹ lójú kámẹ́rà bí ìwé. Ó yà mí lẹ́nu. Ìgbà tí mo yí padà ni mo rí ọ̀daràn náà: ògiri ọwọ́ ọ̀tún. Òun ni reflector tó tóbi jù nínú yàrá náà. Ìmọ́lẹ̀ ń ti ojú fèrèsé wọlé, ó ń kọjá lára màmá, ó ń lọ kan ògiri, ó sì ń padà wá dí gbogbo ibi tí òjìji ìbá fi ṣe ilé.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé ojú dúdú sáàárín màmá àti ògiri yẹn, kó súnmọ́ wọn tó ìdajì mítà, kó kàn ṣáà yẹra fún ojú kámẹ́rà. Màmá wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ yà mí ni, àbí o fẹ́ fi mí pamọ́?"

"Ẹ má bínú, màmá. Ẹ kàn bá mi wo ọ̀nà fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n yín rọlẹ̀ díẹ̀."

Mo fojú sí kámẹ́rà. Apá ọ̀tún ojú wọn ti wọ òkùnkùn, ṣùgbọ́n kò sọnù. Mo ṣì ń rí etí, mo ṣì ń rí yẹtí tó wà níbẹ̀. Ìlà tó ti ẹ̀bá imú sọ̀kalẹ̀ wá sí igun ẹnu, tí kò sí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ rárá, ti jinlẹ̀ bí ipa omi lórí ilẹ̀. Ihò kékeré tó wà lókè egungun ọrùn ti jáde. Lábẹ́ ojú ọ̀tún, ní àárín òkùnkùn yẹn, ìmọ́lẹ̀ onígun mẹ́ta kan jókòó jẹ́ẹ́ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Orúkọ Rembrandt, ayàwòrán ọlọ́dà ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó kú ní 1669, ni àwa ayàfọ́tò fi ń pe igun mẹ́ta yẹn, nítorí ó pọ̀ nínú àwọn ojú tó kùn. Mo ti ń dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ yẹn gan-an ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ tó fojú rinjú.

Mi ò ṣe ohunkóhun sí màmá. Mi ò fi ìmọ́lẹ̀ kankan kún un. Mo yọ ọ́ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bu ìmọ́lẹ̀ kún ojú ènìyàn bí ẹni ń bu omi sí ọtí, tí mo sì ń ṣe kàyéfì pé kò ní adùn.

Ẹ má rò pé gbogbo ilé ló pàtẹ́wọ́ o. Ọmọbìnrin wọn àbígbẹ̀yìn ní ó ti dúdú jù, ṣé n ò lè "tan iná sí i díẹ̀". Mo fi mẹ́ta àkọ́kọ́ náà ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n tẹ èyí tó dúdú yẹn jáde, kí n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá.

Kí n sì sọ òótọ́ mìíràn níbí: ìgbà tí màmá béèrè bóyá mo fẹ́ fi àwọn pamọ́, ẹ̀rín ti ń bọ̀ ní igun ẹnu wọn, òun ló wà nínú fọ́tò tí wọ́n tẹ̀. Kò sí ojú kankan nínú márùn-ún tó lè fún ènìyàn ní ìyẹn. Ayàfọ́tò Yousuf Karsh na ọwọ́ yọ sìgá kúrò lẹ́nu Winston Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní Ottawa, olú ìlú Canada, ní oṣù Kejìlá 1941 kó tó tẹ kámẹ́rà rẹ̀, ìrísí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lẹ́nu rẹ̀ ni gbogbo ayé sì mọ̀ títí dòní. Èmi kò láyà tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi máa bá wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn reflector; ohùn tí ń jáde láti inú ohun roboto máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ojú karùn-ún, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àárín, ni kò jẹ́ kí n lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ènì ni. Bí oòrùn bá wà ní àtàrí, tí ihò ojú ènìyàn ti di kòtò, ẹ bọ́ èwù náà kúrò, kí ẹ na aṣọ yẹn sí òkè orí rẹ̀, kó súnmọ́ ọn débi tó bá lè súnmọ́. Bí ohun tí ń tan ìmọ́lẹ̀ bá ti tóbi sí i lójú ẹni tí à ń yà, bẹ́ẹ̀ ni etí òjìji ṣe ń rọ̀. Oòrùn kékeré gangan á di awọsánmà tó fẹ̀ tó mítà kan lé díẹ̀. Ibi tí ó ti mú mi ni ẹ̀yìn. Ẹni tí mò ń yà ti wà lábẹ́ aṣọ, ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ti dín kù tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń jẹ oòrùn tirẹ̀. Mo ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún ojú, ẹ̀yìn sì funfun báláú bí ibi tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí. Láti ìgbà náà, n ó kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ̀yìn ti ṣókùnkùn, abẹ́ igi tàbí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sínú ilé, kí n tó na ohunkóhun.

Àṣìṣe yẹn náà ló kọ́ mi ní eré tí mo fẹ́ràn jù. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé aṣọ yẹn sẹ́yìn orí ọmọdébìnrin kan, kí oòrùn wà lẹ́yìn aṣọ náà. Gbogbo rẹ̀ tàn. Orí ọmọ náà wà láàárín rẹ̀, irun tó dì yọ ṣóńṣó yíká, bí ẹni tó jókòó sínú òṣùpá. Ìta gbangba ni a wà, kò sí iná, kò sí ilé fọ́tò. Ojú dúdú náà ṣeé gbé sẹ́yìn orí bẹ́ẹ̀: bí a bá yà á súnmọ́ra, tó jẹ́ orí àti èjìká nìkan, tí oòrùn kò sì ba aṣọ dúdú náà, ẹ̀yìn á dúdú kirikiri lọ́sàn-án gangan. Fàdákà náà rí ohun kan ṣe nígbà tí a fọwọ́ tẹ etí rẹ̀ kó wọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta sára ògiri já sí ìlà-ìlà bí omi odò, mo sì ní kí olórin kan dúró sínú rẹ̀.

Ìwà burúkú rẹ̀ wá kù. Àkọ́kọ́, atẹ́gùn. Ohun tó fẹ̀ tó báyìí, ìgbòkun ni lójú atẹ́gùn. Ó ti já mọ́ ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó yí gbirigbiri lọ bí àgbá táyà, ó sì kọ lu àga tí oníbàárà kan gbé àpò rẹ̀ lé. Mo ra irin tí wọ́n fi ń gbé e dúró, atẹ́gùn gbé àtirin àtatẹ ṣubú. Ìta tí atẹ́gùn bá wà, ènìyàn ni kó dì í mú. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ kò ní gbádùn rẹ̀ níta; nínú ilé, ó lè fi tì sára àga.

Èkejì, kíká. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá a jìjàkadì. Ẹni tó bá ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ wá sí àyà, ọjọ́ á lọ. Ẹ di etí rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, kí ọwọ́ kan dojú kọ òkè, kí èkejì dojú kọ ilẹ̀, kí ẹ wá lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ aṣọ tó tutù, kí ẹ sì pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Á ká ara rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ká fún mi, mo pariwo.

Ẹ̀kẹta, àtíkè. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ń gba àbàwọ́n bí nǹkan míì, àbàwọ́n náà kò sì tán bó ti wù kí a fọ̀ ọ́. Fàdákà ti ń bó létí níbi tí irin ti ń fà á.

Ṣé kí ẹ rà á? Bó bá jẹ́ funfun nìkan lẹ ń wá, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun tí kò ní àwòrán lára tó bẹ́ẹ̀, páálí funfun ńlá náà tó bẹ́ẹ̀. Seydou Keïta, tó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní Bamako, olú ìlú Mali, ní 1948, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ló fi yà púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ló sì ń ta sẹ́yìn àwọn tó ń yà. Fóònù lẹ fi ń yàwòrán? Iṣẹ́ kan náà ló máa bá yín ṣe. Ẹ má ra èyí tó kéré ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ. Mo yá èyí tó jẹ́ 60 lò rí, ojú nìkan ló bò, èjìká ṣì wà nínú oòrùn. Èyí tó ju 110 lọ, ẹ rí i dájú pé ẹni tí yóò gbé e ní apá.

Zip rẹ̀ já ní oṣù keje. Kì í ṣe èyín kan tàbí méjì, ó já tán. Mo kọ̀wé sí ibi tí mo ti rà á, mi ò rí èsì gbà títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Mo gbé èwù náà lọ bá télọ̀, ó ní zip tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ṣòro rí, bọ́tìnì ni òun lè fi sí i, ojú kan ni bọ́tìnì sì máa ń wà, a kò ní lè máa yí inú rẹ̀ síta mọ́. Ó gbé e sójú méjèèjì, ó ní, "Èwo ni kí n fi síta, ọ̀gá? Èyí tó ń dán ni àbí èyí?" Mo ní èyí. Bọ́tìnì mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀ báyìí, dúdú lójú kan, funfun lójú kejì. Góòlù wà nínú lọ́hùn-ún. Kò tíì sí oníbàárà tó béèrè rẹ̀.